Ní Ìkóríta Títì Óòkù

Mo di pátákó pupa mú,
mo wọ ẹ̀wù tó ń dán bí ojú ológbò lóru,
mo dúró níbi tí Títì Óòkù ti pàdé Títì Pópílà.
Aago mẹ́jọ ku ogún ìṣẹ́jú. Òtútù ti jẹ etí mi tán,
ó kan imú.
Bí mo bá gbé pátákó sókè, ọkọ̀ akẹ́rù á dúró gbagidi
kí ọmọ ilé-ìwé lè kọjá.
Ní Ìkìrun, ewúrẹ́ gan-an kì í gbọ́ tèmi.

Fẹ́nwíìkì ni wọ́n ń pe ibí,
ẹ̀yìn odi Wínípẹ́ẹ̀gì,
níbi tí bọ́ọ̀sì ti ń yí padà nítorí pé ọ̀nà tán.

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ.
Àwọn tó tẹ ibí dó
gé óòkù tán pátápátá
kí wọ́n tó rántí fi óòkù sọ títì.
Pópílà ńkọ́? Ó ti di pákó.

Mísítà Hírísákì ló là mí lójú,
baba ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún
tó máa ń fi ọ̀pá kan yìnyín wò kó tó tẹ̀ ẹ́.
"Kábéèjì ni gbogbo ibi tí o ń wò yìí.
Bàbá mi gbìn ín dé ìdí ẹ̀rọ omi panápaná nì.
Inú abà ni wọ́n bí mi sí,
ibi tí wọ́n ti ń ta fóònù báyìí."
Mo ní, "Ta ló ni ín kí ẹ tó dé?"
Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó tún un wọ̀.
"Àwọn Kíríì. Àwọn Métíìsì.
Ẹnikẹ́ni ò sọ fún wa.
Àwa náà ò sì béèrè."
Ọmọ méjì ń bọ̀. Mo gbé pátákó sókè.

Ilé ìkàwé wa ò ju ṣọ́ọ̀bù méjì lọ.
Ìlà dúdú kan wà lára ògiri, ó bá mi láyà:
ibẹ̀ ni odò dé lọ́dún tó kún.
Ìwé Yorùbá kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀,
wọ́n tò ó mọ́ ti Sípéènì.
Ẹ̀ẹ̀mejìlá ni mo ti yá a.
Mo ti kà á tán tipẹ́; ẹ̀rù ló ń bà mí
pé bí ẹnikẹ́ni ò bá yá a, wọ́n á dà á nù.

Ilé ìfọṣọ ti Marivíìkì: ẹ̀rọ kẹta máa ń gbé ìbọ̀sẹ̀ ẹyọ kan mì.
Dókítà ń wá lọ́jọ́ Túsìdeè.
Odò ìwẹ̀ wà lábẹ́ òrùlé, ó ń rùn bíi Jíìkì,
ó gbóná ju yàrá mi lọ.
Bí Oṣù Kejìlá bá wọlé, àwọn baba ọmọ á fa rọ́bà síta lóru,
wọ́n á máa bomi rin ilẹ̀,
kì í ṣe kí nǹkan hù;
kí ó lè dì, kí ọmọ lè rí ibi yọ̀ lórí.

Bẹ́ńṣì kan wà lẹ́bàá pápá, wọ́n fín in sí i lára:
"Fún Dọ́rọ́tì, tó fẹ́ràn ibí."
N kò mọ̀ ọ́n rí. Bí mo bá fẹ́ jókòó,
mo máa ń sọ pé, "Ẹ kú ìjókòó, mà,"
mo á sì sún díẹ̀ fún un.

Lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá, ìjọba ìbílẹ̀ ní ká bá wọn wá orúkọ
fún títì tuntun tí wọ́n là lẹ́yìn ilé ìfọṣọ.
Àpótí wà nílé ìkàwé. Mo kọ "Kábéèjì" síwèé.
Mísítà Hírísákì náà kọ ọ́, lẹ́ẹ̀mẹta,
ó ní ojú òun ò ríran dáadáa, òun ò mọ̀ pé òun ti kọ ọ́.

Wọ́n yan Sídà.
Kò sí sídà kankan.
Lọ́jọ́ Mọ́ńdè wọ́n ṣí títì náà, wọ́n gbé mi lọ síbẹ̀.
Mo mú pátákó mi,
mo lọ dúró lórí kábéèjì.